Àǹtí Suey Ngan àti Ìrẹsì Ọ̀gá

Kò sẹ́ni tó mọ Àǹtí Moy Suey Ngan ní àdúgbò wa ní Seattle tí kò mọ ìtàn ìrẹsì yìí. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ìlú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sáàárín àwọn arúgbó tó ń jẹun. Àǹtí gbé ìrẹsì àti ẹja gbígbóná síwájú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà," ni ọ̀gá wí. "Ẹ má ṣe ìyọnu."

Kíá, Àǹtí gbé àwo náà kúrò. "Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn! Ọ̀gá ti yó."

Ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Inú ṣọ́ọ̀bù ẹja àtijọ́ ni Àǹtí ti dá ilé ìrànwọ́ wa sílẹ̀, nígbà tí àwọn arúgbó tó ti fi ìgbà èwe wọn fọṣọ fún ẹlòmíràn ń dá nìkan kú sínú yàrá àyágbé. Ará Ṣáínà, ará Japan, ará Philippines, gbogbo wọn ló ń wá jẹun, tí wọ́n sì ń bára wọn ja ogun tó ti parí tipẹ́. Àǹtí kì í là wọ́n. Ńṣe ló máa ń gbé ìkòkò padà sórí iná: "Ẹ jà tán ná. Ọbẹ̀ ò ní sá lọ."

Àmọ́ kí ọ̀gá yìí tó wá, ọ́fíìsì ìlú ti rán èèyàn wá bi àwọn arúgbó bóyá wọ́n nílò oúnjẹ. Ìyá Hatanaka ní òun yó. Bàbá Bugayong ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Ta ni yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé? Lọ́dọ̀ wa, wọ́n á bẹ̀ ọ́, o ó kọ̀, wọ́n á tún bẹ̀ ọ́. Ọ̀gá kò mọ èyí, ó gbà pé wọn ò nílò oúnjẹ. Ó ní òun máa ti ilé ìdáná pa.

Lọ́sàn-án yẹn, ó wá ń wo ẹja rẹ̀ tó ń lọ. "Àǹtí, ebi ń pa mí o jàre! Mo kàn ń bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"Àwa náà ńkọ́?"

Ọ̀gá yíjú sí àwọn arúgbó. "Ẹ dákun, ta ni kò lè ṣe láìsí oúnjẹ yìí?"

Bàbá Bugayong ló kọ́kọ́ dìde, ẹni tí kì í jẹun láìwọ táì. Ó ṣí fìlà.

"Èmi ni," ó wí. "Tí mi ò bá jẹ níbí, mi ò ní jẹ."

Ó jókòó, ó fọwọ́ bojú. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo fún Bàbá, kó tó fún ọ̀gá. Wọn ò ti ilé ìdáná pa mọ́.

Ọdún tó kọjá ni Àǹtí fi wá sílẹ̀. Wọ́n sin ín tán, àlùfáà wá ń bi wá ṣé kò sí nǹkan.

"Nǹkan wà," Ìyá Hatanaka dáhùn. "A ṣì nílò Àǹtí."