Jìtá Tí Bàbá Àgbà Fi Ọ̀dà Dí

Ìyá mi fi àtàǹpàkò ta okùn jìtá náà, ó dún "gbì", bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìka kan iṣu wò lọ́jà. Ó tún ta òmíràn. Gbì. Gbogbo ẹni tó ń kọjá lórí afárá pákó iwájú ilé wa ti dúró láti gbọ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tilẹ̀ ti gbé àjẹ̀ wọn sókè, omi ń kán tó, tó, tó lẹ́nu rẹ̀. Bàbá àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ojú ìyá mi ni wọ́n ń wò, wọn ò tilẹ̀ wo jìtá tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn. Etí wọn ti ń di.

"Báwo ló ṣe rí?" wọ́n béèrè.

Ìyá mi gbé ẹnu sún mọ́ wọn létí, ó pariwo: "Ó dára, Bàbá! Ẹ ṣeun o!"

Háà! Irọ́ ńlá. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Tá a bá fẹ́ bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀, àfi ká pariwo. Tá a bá sì pariwo ní ibi tí gbogbo ilé ti dúró sórí òpó nínú omi, kò sẹ́ni tí kò ní gbọ́, nítorí omi kì í bo àṣírí. Kò sí bí ìyá mi ṣe lè sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn ò dáa, kí gbogbo Màhíntẹ̀dó, ìlú wa, má bá wọn gbọ́ ọ. Ọmọ wo ló máa ṣe irú ìyẹn sí bàbá rẹ̀?

Ọkọ̀ ni bàbá àgbà ń kàn. Láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti ń fi òòlù lu ìṣó, ìró òòlù yẹn ló sì jẹ etí wọn díẹ̀díẹ̀. Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣì ń gbọ́ ààrá, wọ́n sì ń gbọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tó bá sáré kọjá. Ohùn èèyàn ló ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fẹ́ láyé mọ́: kí etí náà tó di pátápátá, kí wọ́n tún gbọ́ jìtá lọ́wọ́ ọmọ wọn. Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi sú wa. "Mi ò bèèrè aṣọ, mi ò bèèrè ẹran," wọ́n á ní, "kí n ṣáà gbọ́ ọ."

Ìyá mi ló máa ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ní apá Abẹ́rẹ́kẹ́, níbi tí ilé bàbá àgbà wà tẹ́lẹ̀, létí òkun gan-an. Òkun wá jẹ ilé náà. Ó gbé àwọ̀n lọ, ó gbé ìkòkò lọ, ó gbé jìtá ìyá mi lọ. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni bàbá àgbà rí yọ, ilẹ̀kùn yàrá ìyá àgbà mi tó ti dolóògbé. Pákó ọ̀gànwó ni, èyí tó ti gbẹ dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́, tí owó kò lè ra irú rẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n gbé e wá sí Màhíntẹ̀dó, wọ́n fi í sókè àjà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n sì gbé ayùn lé e, ìyá mi kò lè wò ó. Ó lọ síbi ẹja tó ń yan, ó kẹ̀yìn sí wọn.

Wọn ò kan jìtá rí. Wọ́n lọ wo ti ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ, wọ́n fọwọ́ pa á káàkiri, wọ́n ki ìka bọ ihò àyà rẹ̀, wọ́n fi okùn wọn ìbú àti gígùn rẹ̀, wọ́n sì padà sílé. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n fi ìfági fá pákó ilẹ̀kùn náà títí ó fi fẹ́lẹ́, tí ohun tí ìfági ń fá kúrò ń ká jọ sẹ́sẹ̀ wọn, tí òórùn rẹ̀ ń pọ̀ mọ́ òórùn ẹja àti edé. Wọ́n rẹ pákó ẹ̀gbẹ́ sínú omi gbígbóná, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara irin tó gbóná, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ kó jẹun. "Díẹ̀ sí i. Jọ̀wọ́. O ṣeun, o ṣeun." Nígbà tí jìtá náà yọ ìbàdí, mo pàtẹ́wọ́. Okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja fi ń so ìwọ̀ ni wọ́n lò fún àwọn okùn rẹ̀ tó tín-ín-rín. Àwọn tó nípọn ni wọ́n rà bọ̀ láti Ìgbókòdá.

Àṣìṣe tí wọ́n wá ṣe, kò sẹ́ni tó lè ṣe é àfi ẹni tó ń kan ọkọ̀. Kí wọ́n tó lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa, wọ́n yọ́ ọ̀dà dúdú lórí iná, wọ́n fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo oríkèé inú rẹ̀. Ọ̀dà ṣẹ́ kù, wọ́n bá fi kun inú àyà jìtá látòkè délẹ̀. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Ọkọ̀ kan kì í kúrò lọ́wọ́ wọn láìgba ọ̀dà. "Omi kankan ò ní wọ èyí láéláé," ni wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni. Omi ò wọlé, ohùn náà ò sì jáde.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí ìyá mi parọ́ tán tí àwọn èrò tú ká, bàbá àgbà kò dìde. Ẹ mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tí etí rẹ̀ sì di, ojú ló fi ń gbọ́ràn.

"Ojú rẹ àti ẹnu rẹ kò sọ ohun kan náà," wọ́n wí fún ìyá mi.

Ìyá mi kò pariwo mọ́. Ó jókòó tì wọ́n, ó mú ọwọ́ wọn tó le kókó bí èèpo igi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn lé àyà jìtá, ó sì ta okùn. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ kan náà lé ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì rọra kọrin, láìya ẹnu. Bàbá àgbà wò ó. Wọ́n tún fọwọ́ kan jìtá, wọ́n tún fọwọ́ kan ọ̀fun ọmọ wọn. Ó yé wọn. Gbogbo ará ilé tó yí wa ká ò gbọ́ nǹkan kan.

"Yéè! Mo ti kun ún pa!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n yíjú wo òkè àjà. Kò sí ilẹ̀kùn mìíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi ọ̀bẹ sínú iná, wọ́n ń fi í gba etí jìtá náà lọ títí gọ́ọ̀mù fi yọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí. Wọ́n wá mú àfọ́kù ìgò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà kúrò, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ní ojoojúmọ́, bí ẹni ń ha ìpẹ́ kúrò lára ẹja tí kò fẹ́ kí awọ rẹ̀ bó. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀dà ti fẹ́ẹ̀ tán, mo gbọ́ "kẹ́ẹ́". Ìyá mi gbọ́ ọ láti ìdí ẹja, ó ká ọwọ́ lérí. Bàbá àgbà tó mú un dání ni kò gbọ́. Ìka wọn ló sọ fún wọn. Wọ́n dúró. Wọ́n gbé àyà jìtá náà sókè sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá bí irun kan.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ fi í lẹ̀, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ó tó!" Ó gbàgbé ará àdúgbò lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹni tó bá ní ọkọ̀ òun ò jò rí," ni bàbá àgbà dáhùn, "kò tíì wọ odò."

Wọn ò kánjú. Wọ́n wá etí ilẹ̀kùn náà tó ṣẹ́ kù jáde, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn títí wọ́n fi rí ibi tí ilà ara rẹ̀ ń lọ bákan náà pẹ̀lú ti àyà jìtá. Wọ́n gé ẹ̀já tín-ín-rín kan níbẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù pa á lára, wọ́n sì rọra tì í bọ ojú ibi tó là. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n lẹ àwọn pákó kéékèèké ní ìdábùú, bí egungun inú ọkọ̀. Wọ́n di iyanrìn sínú aṣọ, wọ́n gbé e lé e, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Nígbà tó gbẹ tí wọ́n fá a tán, wọ́n pè mí. "Ìyá mi, wá." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, wọ́n ní ìyá wọn ni mo jọ. "Wá a rí." Mo wá ibi tó là náà títí, mo fi ìka wá a, mo fi ojú wá a. Ẹ gbà mí! Mi ò rí i.

Ṣùgbọ́n ibì kan tí kò bá lẹ̀ dáadáa nínú jìtá, ṣe ló máa ń dún jìnnìjìnnì, bàbá àgbà ò sì lè gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí wọ́n lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ padà, wọ́n bu ẹyin iná nídìí ẹja ìyá mi sínú agolo, wọ́n da èèpo àgbọn sí i, wọ́n sì darí èéfín rẹ̀ gba ihò àyà jìtá wọlé. Wọ́n fi aṣọ tútù bo ihò náà, wọ́n tẹ àyà rẹ̀ jẹ́jẹ́. A wò ó. Kò sẹ́ni tó mí. Níbi ìbàdí, èéfín kan tó tín-ín-rín bí òwú yọ, ó gòkè lọ nínú oòrùn. "Ìwọ rèé!" ni bàbá àgbà wí, bí ẹni tó mú olè adìyẹ. Wọ́n kán gọ́ọ̀mù síbẹ̀. Wọ́n tún fi èéfín sí i lọ́jọ́ kejì, kò sí èyí tó jáde. Mo wo àgbàlagbà yìí, ẹ̀rù wọn bà mí, irú ẹ̀rù tó dùn mọ́ni, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé kò sí ohun tó lè bàjẹ́ lójú wọn.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá mi ta á, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fọwọ́ kan okùn àkọ́kọ́. Áà! Ohùn náà jáde, ó nípọn, ó gbóná, ó gba orí omi lọ. Mo fò sókè. Obìnrin tó ń wẹ ọmọ ní ilé tó kọjú sí tiwa figbe ta. Gbogbo afárá pákó ń mì tìtì fún ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Bàbá àgbà ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́músẹ́.

"Ṣé ó ti ń dún báyìí?" ni wọ́n béèrè.

Àkókò tí wọ́n fi ń tún un ṣe, etí náà ò dúró dè wọ́n. Ó ti di. Ìyá mi gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

Bàbá àgbà kúrò lórí àga. Wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ wọn, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n gbé egungun àgbọ̀n wọn lé èjìká jìtá náà, wọ́n sì pa ojú dé. "Ta á," ni wọ́n wí.

Ó ta á. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹnu wọn ṣí, omi bọ́ lójú wọn. "Ó wà níbí! Ó wà nínú orí mi níbí!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tó ń ta, orin tí ìyá àgbà máa ń kọ tó bá ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n kọ ọ́ sókè, gbogbo odò ń gbọ́, ohùn wọn sì jìnnà sí ti jìtá bí Màhíntẹ̀dó ṣe jìnnà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo wo ìyá mi, mo rò pé á dá wọn dúró. Kò dá wọn dúró. Ó fetí sí ibi tí ohùn bàbá rẹ̀ wà, ó sún ìka rẹ̀ lórí okùn, ó wá wọn débẹ̀, ó sì bá wọn. Nígbà tí wọ́n tún ṣìnà, ó tún tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó wà lórí afárá bá gbé orin náà láti ibi tí bàbá àgbà gbé e sí, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Bàbá àgbà ò mọ̀ títí wọ́n fi kú pé àwọn ṣi orin náà kọ.

Ìyá mi náà ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló wà ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ ti ń dàrú mọ́ ọn lójú. Ó lè jí ní Ọjọ́rú kó wọ aṣọ funfun rẹ̀, kó jókòó sí pálọ̀, kó máa bèèrè ìdí tí a fi ń pẹ́. Àwọn ọmọ mi á fẹ́ tún un ṣe: "Màmá àgbà, òní kọ́ ni Ọjọ́ Ìsinmi." Mo máa ń ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Màá lọ wọ aṣọ funfun tèmi, màá jókòó tì í, màá sì ní kó dá orin, kó gbé e síbi tó bá wù ú.