Ìbéèrè Dókítà Nípa Sìgá

Òórùn káńfọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan yàrá bàbá mi ní àdúgbò Igbein: káńfọ̀ tí ìyá mi kó sínú àpótí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àti òórùn kejì lábẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ nínú ilé. Bàbá mi ń mu sìgá. Àgbà ìjọ ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Nítorí náà ẹ̀yìn ògiri balùwẹ̀ ni wọ́n ti ń mu ún, gbogbo wa a sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí èéfín.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ogun àgbáyé kejì parí, bí n kò bá ṣì í kà, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọn kò lè gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láìdúró lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n fọwọ́ ti àpáta, kí ètè wọn dúdú bí ẹni tó fẹnu kan aró.

“Bàtà yẹn ni,” ni ìyá mi ń wí. “Mo ní kí ẹ má rà á, ẹ ní ó bá kóòtù yín mu.”

Àwa náà gbà pé ẹsẹ̀ ló ń ṣe wọ́n.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ nígbà náà, èmi ni mo sì tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù láti ṣe ògbufọ̀, nítorí òyìnbó ni dókítà, bàbá mi kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà fi ìka tẹ ẹsẹ̀ náà, ojú ibẹ̀ jìn, kò tètè padà. Ó gbọ́ àyà wọn pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá wọ́n ń mu sìgá. Nígbà tí mo yí i sí Yorùbá, bàbá mi wo nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá, ọmọ ìjọ wa.

“Sọ fún un pé mi ò fẹnu kàn án rí.”

“Bàbá, dókítà mà ni o.”

“Àbí ìwọ lo bí mi ni?”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó ń gbọ́ mi náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ta ni yóò já bàbá rẹ̀ ní irọ́ lójú ará ìjọ? Mo sọ ohun tí wọ́n ní kí n sọ. Ó ń ṣe mí bíi pé dókítà tún un béèrè, pé èmi ló wò nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ẹ̀rí ọkàn mi ló fi ìbéèrè kejì kún un. Dókítà fún wa ní oògùn tí yóò mú wọn tọ̀ dáadáa. Lọ́nà ilé, bàbá mi ní, “O ṣeun, ọmọ mi. O bò mí láṣìírí.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wà lẹ́yìn ògiri.

A ti sin wọ́n kí n tó dé yunifásítì, kí n tó kà á nínú ìwé kan pé èéfín sìgá máa ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́: ara òpó náà a nípọn, ojú rẹ̀ a há, ọkàn a máa fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, omi a sì sọ̀ sí ẹsẹ̀. Mo pa ìwé náà dé.

N kò sọ pé òtítọ́ ì bá wò wọ́n sàn. Bóyá dókítà ì bá kàn ní kí wọ́n jáwọ́, bàbá mi ì bá sì bínú sí mi dọjọ́ ikú. Ohun kan ṣoṣo ni ìrántí mi kò lè yí padà: nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo mọ òtítọ́, tí mo sì ní èdè tí mo lè fi sọ ọ́.