Ẹnu Mi Ni Ẹ̀kọ́ Náà Gbà Wọ Ìjọ

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni mo parí ìwé mẹ́fà, mo sì rò pé ìjọba ń wá mi síṣẹ́. Ìjọba ò wá mi. Ìjọ wa kékeré ní Bẹyẹrúnkà n'Ìbàdàn ló wá mi, torí pé Bàbá Jòsáyà, ògbufọ̀ wọn, ti ń darúgbó, ohùn ẹ̀ ò sì dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ohùn tèmi ń dé Mápó. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ò le láti ṣàlàyé. Bí oníwàásù bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, wàá fi Yorùbá sọ ọ́ tẹ̀lé e. Bàbá Jòsáyà kọ́ mi pé kí n dúró sẹ́yìn oníwàásù díẹ̀, kí n má fi kún ọ̀rọ̀ ẹ̀, kí n má sì yọ nǹkan kúrò níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oníwàásù na ọwọ́, mo na ọwọ́. Ó fi aṣọ ìnujú nu iwájú orí, èmi tí mi ò ní aṣọ ìnujú fi ìdí táì nu tèmi. Táì ọ̀hún, mo yá a ni. Ó sín, èmi náà ṣe bí ẹni tó sín.

Nígbà tí a parí, Bàbá Jòsáyà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Sámú, a kì í túmọ̀ sísín.”

Lọ́dún kejì, ajíhìnrere kan ti ìlú òyìnbó dé, ó wá ṣe ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta fún wa, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba imú jáde. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kìíní ó ní onígbàgbọ́ tó bá lo oògùn ti sọ fún Ọlọ́run pé agbára Rẹ̀ ò tó. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Èmi ò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo na ìka sí ìjọ, mo gbọ̀n, omi bọ́ lójú mi. Àwọn èèyàn bú sẹ́kún. Nígbà tí mò ń gba Ọjà'ba lọ sílé, mò ń juwọ́ sí àwọn tí ò kí mi.

Ìyá Rúùtù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn. Àwo tánganran ló ń tà ní Ọjà'ba. Ikọ́ ife ń bá a jà, wọ́n sì ní kó máa wá gba abẹ́rẹ́ ní ọsibítù, kó máa lo hóró oògùn pẹ̀lú ẹ̀ fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ó ti lò ó fún oṣù mẹ́rin, ara ẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a lẹ́bàá gọ́tà, ìgò òfìfo lọ́wọ́ ẹ̀.

“Màmá, ẹ káàárọ̀. Oògùn yín ńkọ́?”

“Ó ti bá omi lọ sí odò Ògùnpa.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba òmíràn.”

“Kí n tún lọ bú Ọlọ́run? Sámú, nígbà tí ọkùnrin yẹn ń sọ ọ́, bàtà ẹ̀ ni mò ń wò. Ìgbà tí ìwọ sọ ọ́ ni ara mi gbọ̀n. Ọmọ tí mo mọ̀ láti kékeré, o ò lè tàn mí.”

Ó wúkọ́ sínú ìborùn ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ká a pọ̀ kí n má bàa rí i.

Mo sáré lọ bá Bàbá Jòsáyà ní Bẹẹrẹ. Mo ti ro ohun tí màá ṣe: tí ọkùnrin yẹn bá tún sọ ọ́, màá yí i sí nǹkan tó dáa.

“Rárá o,” ni Bàbá wí. “Tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ òdì. Tìẹ á wá jẹ́ irọ́.”

“Kí ni kí n wá ṣe, Bàbá?”

“Túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, dúró sílẹ̀, kó o sọ tìẹ lórúkọ ara ẹ.”

“Wọ́n á lé mi, Bàbá.”

“Ó ṣeé ṣe. Ṣebí ìjọba ń wá ẹ.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ajíhìnrere tún sọ ọ́. Mo túmọ̀ ẹ̀, kò sí omijé. Mo bá sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Níbi tí mo dúró sí yìí, èmi Sámúẹ́lì ni mò ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fi ohùn ńlá sọ lánàá, kì í ṣe òtítọ́. Nígbà tí oówo fẹ́ pa ọba Hesekáyà, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà ẹ̀, síbẹ̀ wòlíì ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo náà. Pọ́ọ̀lù bá Lúùkù oníṣègùn rìn, kò ní kó da àpò ẹ̀ nù. Ọlọ́run ló ń wò wá sàn. Oògùn ò gba iṣẹ́ Rẹ̀ lọ́wọ́ Rẹ̀.”

Ajíhìnrere yíjú sí mi. “Ta ló bi ẹ́ léèrè? Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó wá wàásù ni?”

Yorùbá ni. Ó já gaara, ó dáa ju tèmi lọ.

Bàbá Ìjọ, olórí àwọn àgbà wa, dìde nílẹ̀. “Ajíhìnrere, a dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá tẹ́ ẹ sọ yẹn dá a lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ọba Hesekáyà.”

Ó ṣí Bíbélì ẹ̀, ó tún pa á dé. Ó ní àwa ará Ìbàdàn ò ní ìgbàgbọ́. Kò dúró ṣe ọjọ́ kẹta. Wọn ò sì lé mi.

Àmọ́ Ìyá Rúùtù dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Bí mo bá gba abẹ́rẹ́ yẹn, ṣé mi ò kọ Jésù?”

“Ẹ ò kọ̀ ọ́, Màmá.”

“Lánàá o ní mo kọ̀ ọ́. Ohùn kan náà lo fi sọ ọ́.”

Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé ká jọ lọ sí ọsibítù láàárọ̀.

Mo ti túmọ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù láti ìgbà yẹn. Kò sí èyí tó le bíi ti ọsibítù. Dókítà òyìnbó ò gbọ́ Yorùbá, àwọn nọ́ọ̀sì ò ráyè, ló bá kù sí mi lọ́wọ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ yẹn ò dáa, àmọ́ kò tíì pẹ́ jù. Kó má tún dá oògùn dúró, ẹni yòówù kó ní kó dá a dúró. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìyá Rúùtù ń wo ẹnu mi.

“Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀ àbí ìwọ?”

“Dókítà ni, Màmá.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà, mo lọ dúró ti àga ẹ̀. “Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó wá ká apá bùbá ẹ̀ sókè. Nọ́ọ̀sì mú abẹ́rẹ́ wá, ó gún un. Ìyá Rúùtù ò mira. Èmi ni wọ́n sáré gbé àga fún.