Páálí Mẹ́ta tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí

Ọdún mọ́kànlá ni Ọládùnní, Ìyá Diamond, fi to páálí bisikíìtì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìsọlọ̀, kò sì jókòó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Lórí ìdúró ni, láàárọ̀ dalẹ́. Ìbàdí ń ro ó, kò sẹ́ni tó bi í. Àmọ́ ẹ má fojú di obìnrin yìí o! Nínú yàrá rẹ̀ ní Máfolúkù, lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán, ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà.

Ó wá lọ bá Albert, mánéjà wọn, pé òun lè kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa ro iye páálí pọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ tá a bá ka ọjà," ni Albert wí. "Tó bá bá kíkà wa mu, ẹ ti bọ́ sí ọ́fíìsì nìyẹn. Tí kò bá bá a mu, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́."

Nígbà tó kọ́kọ́ dán an wò, ó ní kó ro 24 mọ́ 24. Kọ̀ǹpútà lẹ̀ wọ́n mọ́ra: 2424! Ọládùnní rẹ́rìn-ín títí, ẹnu sì wá yà á. Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí, àṣé ọ̀rọ̀ lásán ni iye tí a tẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ lójú rẹ̀, àfi kéèyàn pàṣẹ fún un pé kó sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ó pàṣẹ. 48 yọ. Orí rẹ̀ wú.

Ọjọ́ kíkà pé. Àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ kà á: 507. Kọ̀ǹpútà ní 504.

"Kò balance o, Ìyá Diamond," ni Albert wí.

Ọládùnní tú àkọsílẹ̀ Bàbá Akínbọ̀wálé wò, àgbàlagbà tó máa ń tẹ iye ọjà tó bá wọlé sórí fóònù, èyí tí kọ̀ǹpútà ń rò pọ̀. Ìlà mọ́kànlélógún ni, 24 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n lórí mẹ́ta nínú wọn, ohun tí bàbá tẹ̀ ni 24+1.

"Bàbá, kí lẹ fi èyí ṣe?"

"Ènì tí wọ́n fi sí i fún wa ni. Ta ló ń ka ènì mọ́ ọjà?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ! Nígbà tí ẹ̀rọ ń sọ ọ̀rọ̀ bàbá di nọ́ńbà, ó kà á dé ibi àmì yẹn, ó dúró, ó fi ìyókù sílẹ̀, kò sì wí fẹ́nì kan.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó kọ ọ́ sínú àṣẹ rẹ̀: gé e níbi àmì, sọ apá méjèèjì di nọ́ńbà, kó o tó rò wọ́n pọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

507.

Bàbá Akínbọ̀wálé ṣí fìlà. "Olúwa o! Ìyá Diamond, o kọ́ ẹ̀rọ ní ènì!"

Albert wọ ọ́fíìsì lọ, ó gbé àga kan jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ọládùnní kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó wá rọra jókòó níbi iṣẹ́, lójú gbogbo wọn, ni ẹkún bá gbọ̀n ọ́n.