Kọ́kọ́rọ́ Ọ̀gá Bámgbóṣé

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Mátíù Bámgbóṣé lo tiẹ̀ ní àlòjù. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìntì ni, ẹ̀yìn Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń so kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi wa mọ́ ọrùn. Bí o bá ní o fẹ́ ka ọ̀kan níbẹ̀, yóò bi ọ́ pé ta ló rán ọ. Ó ní a ó fa ìwé ya. Irọ́ ni! Láti kékeré ló ti gbọ́ pé ìjọ lé bàbá òun nítorí ó fẹ́ ìyàwó kejì, ìyẹn ìyá tó bí òun gan-an. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú ewé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Òun pàápàá kò wò ó rí.

Lọ́dún tó kọjá, Dókítà Oyèrónkẹ́ tó ń kọ́ni ní yunifásítì fẹ́ kọ ìtàn ìjọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá lé e. "Ọmọ Ọ̀yọ́, kí lo sọnù síbí?" Inú bí obìnrin náà, ó kọ lẹ́tà sí pásítọ̀ pé "obscurantist" kan ló jókòó lé ìwé wa lórí. Pásítọ̀ ní kí n mú lẹ́tà náà lọ fún ọ̀gá.

Ọkùnrin tó fi pàṣán kọ́ wa ní orísun ọ̀rọ̀ bá ṣí díṣọ́nárì lójú mi. Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ara èyí tó túmọ̀ sí kí á mú nǹkan ṣókùnkùn. Àwọn tí kò fẹ́ kí ìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń bú. Ó pa díṣọ́nárì dé.

"Èébú náà bá mi mu," ó ní. "Pè é kó wá."

Nígbà tí obìnrin náà dé, ọ̀gá bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ń ṣọ́ ìka obìnrin náà bí ẹni ń ṣọ́ olè. Wọ́n dé ọdún 1951, ọ̀gá di ojú.

"Ṣé kí n kà á, sà?"

"Kà á. Ṣebí ohun tí o wá wá nìyẹn."

"A yọ Dáníẹ́lì Bámgbóṣé kúrò nínú ìjọ. Ó ṣú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A ní kó lé obìnrin náà, ó kọ̀. Ó ní òun kò lè lé obìnrin náà àti ọmọ oṣù mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n òun kú fi sílẹ̀, Mátíù."

Ọ̀gá ní kó tún un kà. Bàbá tí ọ̀gá ti ń tijú rẹ̀ láti kékeré kò tiẹ̀ bí i; nítorí ọ̀gá àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n ṣe lé bàbá náà. Inú ti ń bí mi sí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi lé sí mi lójú. Níbẹ̀ ló ti sọ fún wa pé ogójì ọdún ti kọjá tí wọ́n ti sin ọkùnrin náà, òun kò sì dé ibojì rẹ̀ rí.