Iyọ̀ Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Àwọn Ọmọdé

Kọ́bọ̀ márùn-ún ni agolo mílíìkì iyọ̀ kan lọ́jà Ṣakí nígbà náà. Èmi ra tèmi ní mẹ́rin, mo sì ń tà á ní mẹ́ta. Ẹni tó bá gbọ́ á ní orí mi ló dàrú. Kò kúkú jìnnà sí i: ọsibítù ni mo ti ń tà á, lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ọkàn wọn kò balẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló gbé mi débẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà òjò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà ní ṣe ni mo sọ ọ̀rọ̀ tèmi tán, tí mo tún sọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Mo ti mú un káàkiri títí ẹsẹ̀ mi fi wú.

Nọ́ọ̀sì kan, ọ̀dọ́mọbìnrin, ló bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ títí wọ́n fi ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé. Tẹ́lẹ̀, àárín àwọn àgbà tó ń pariwo ni wọ́n ń jókòó sí. Ọmọ mi ti ń mi orí dá nọ́ọ̀sì náà lóhùn. Àmọ́ ọmọ mi nìkan ló ń wá. Ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ òun níbẹ̀? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn àna á wádìí.

"Ìyá Oníyọ̀," nọ́ọ̀sì wí, "bí ọmọ mìíràn ò bá wá kí oṣù tó parí, wọ́n á ti yàrá yìí pa."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò mọ ọjà tà. Ẹ fún mi láyè lẹ́nu ọ̀nà."

Mo sọ ọ́ sétí àwọn ìyá tí mo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ wọn pé kí wọ́n ṣe bí ẹni wá ra iyọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ fa ọmọkùnrin kan lọ́wọ́ tí kì í sùn mọ́. Ó pariwo kí gbogbo ọ̀nà lè gbọ́:

"Iyọ̀ ni mo wá rà o!"

"Iyọ̀ rèé! Ọmọ, wọlé lọ bá mi mú agolo wá."

Ọmọ wọlé, ó pẹ́ gan-an kó tó jáde. Ọwọ́ mi ni agolo wà láti àárọ̀. Ìyá rẹ̀ rí i, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Òkìkí iyọ̀ ọ̀pọ̀ kì í pẹ́ dé ìdí ààrò. Àwọn tí ọmọ wọn le koko náà rọ́ dé. Òfò ni wọ́n kó bá mi, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n bo àwọn yòókù láṣìírí. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, dókítà àgbà yọjú wo inú yàrá, ó ní kí wọ́n wá bẹ́ǹṣì sí i.

Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ọmọ mi, tó ti ń gba owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti àárọ̀, gbọn àpò iyọ̀ tó ti ṣófo, ó wò mí.

"Ìyá mi, ẹ ò mọ ọjà tà."

Ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè fò sókè. Mo ní, "Èló ni mo pàdánù?"

"Kọ́bọ̀ mẹ́tàdínlógójì."