Omi tí Rwakanuma Kò Mu

Màlúù ni Rwakanuma fi gbogbo ayé rẹ̀ dà ní ìgbèríko Kazo. Ìtọ̀ ẹran nìkan ló fi ń mọ èyí tó ń ṣàìsàn. Bó bá ti rí i tó pọ́n, á ti yà á kúrò nínú agbo kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó jí. Wàrà ló ń mu, àti bushera, ògì ọkà bàbà kíkan tí Bagaaya ìyàwó rẹ̀ ń pò sínú akèrègbè. Ẹ̀fọ́ kì í kan ẹnu rẹ̀. Lójú tirẹ̀, màlúù ló ni ewé.

Nígbà tí Bagaaya kú, Mugume àkọ́bí wọn wá mú un lọ sí ìlú Mbarara. Ilé Mugume dára, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá, ibẹ̀ sì ni Kenyangi, ìyàwó Mugume, máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ Rwakanuma, bàbá ọkọ àti ìyàwó ọmọ kì í wo ojú ara wọn. Ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ, bàbá ọkọ kì í jẹun níwájú ìyàwó. Kí Kenyangi wá máa rí i lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ tó ń lọ tọ̀? Ó sàn kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Ló bá dín omi kù.

Kenyangi ò mọ̀. Ó ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí àwọn ará ìlú ṣe ń tọ́jú àlejò pàtàkì: ẹran ewúrẹ́ yíyan tó níyọ̀ dáadáa, ọ̀dùnkún òyìnbó díndín, ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́sàn-án, òmíràn nírọ̀lẹ́. Á gbé e sẹ́yìn aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà iyàrá bàbá, á kúnlẹ̀, á sì lọ. Ìgò méjì yẹn nìkan ló di omi bàbá.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ìtọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Yóò máa gbọ̀n ọ́n ṣáá, ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́rin ló sì ń jáde, tó ń jó o bí ata. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní ní ìlú náà, Bwengye, tí wọ́n jọ máa ń jókòó lábẹ́ igi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan. Bwengye rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá itan ara rẹ̀.

"Rwakanuma, ọmọge wo lo rí ní Mbarara tí o ò sọ fún mi? Àìsàn àwọn ọ̀dọ́ lo kó yẹn o."

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lára. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìgò méjì yẹn pàápàá, kò mu ún tán mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kenyangi gbé oúnjẹ sílẹ̀, kò gbọ́ ikọ́ tí bàbá fi máa ń dáhùn. Rwakanuma ti ń rí Bagaaya nínú iyàrá, ó ń bi í pé ta ló jẹ́ kí màlúù wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ obìnrin kan bọ́ sábẹ́ ọrùn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ Bagaaya. Ẹní rẹ̀ tutù, ó ń rùn. Ó gbé apá bojú.

"Ẹ má bojú, Bàbá," Kenyangi wí. "Ọrùn mi ni kí ẹ dì mú."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n ní ilé ìwòsàn, Natukunda, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní kòkòrò àrùn ti gun òkè láti àpò ìtọ̀ dé kíndìnrín, inú àpò náà sì wú, ó pọ́n bí ojú egbò. Ó ní omi ló ń fọ ibẹ̀. Ìtọ̀ tí èèyàn bá há mọ́ra á di ìkúdú. Àìsàn ṣúgà tún wà lára bàbá tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Kì í ṣe ìgò aládùn ló dá àrùn ìtọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣúgà tí ara rẹ̀ ò lè gbé ń dà sínú ìtọ̀, kòkòrò ń rí jẹ, ara ò sì lágbára láti bá a jà. Iyọ̀ àti ẹran lójoojúmọ́ láìsí ẹ̀fọ́ tún dá kún iṣẹ́ kíndìnrín.

Mugume gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé o gbọ́? Ọwọ́ rẹ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ìwọ lò ń gbé e fún un."

Kenyangi wolẹ̀. Rwakanuma, tí wọ́n ti fi rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sí lára, kọjú sí ògiri.

"Mugume, fi obìnrin yẹn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi omi dù mí. Èmi ni mi ò mu ún."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Kí ìyàwó rẹ má baà máa rí mi tí mo bá ń lọ tọ̀ ni."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí níwájú obìnrin, títí kan Bagaaya. Kenyangi dìde, ó jáde. Nígbà tó padà, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e sórí tábìlì. Ọwọ́ bàbá ló fi í lé.

Wọ́n yọ rọ́bà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mugume wó ògiri iyàrá bàbá, ó la ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìn ilé. Kò bẹ ìyàwó rẹ̀ nítorí ẹ̀sùn yẹn létí Rwakanuma, inú bàbá ò sì dùn sí i. Ẹlẹ́rìndòdò dópin. Kenyangi ń po bushera láìfi ṣúgà sí i, ó ń se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí iyọ̀ ò tó, bàbá sì ń kùn pé ohun tí òun ń fún màlúù lòun ń jẹ. Ìtọ̀ ò ta á mọ́.

Ṣùgbọ́n kíndìnrín ò padà bọ̀ sípò. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú. Natukunda yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní omi ti di wíwọ̀n báyìí, nítorí ara ò lè tú u jáde mọ́: ife mẹ́ta lójúmọ́, bushera wà nínú rẹ̀. Kenyangi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ.

Eruku bo ìlú, ètè bàbá gbẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pe Kenyangi láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó ní kó bá òun bu omi díẹ̀.

"Bàbá, ó ti pé mẹ́ta," Kenyangi wí.

"Mo mọ̀," ni Rwakanuma wí. "Mo kàn ní kí n bèèrè ni."